Ìrun Ìkẹyìn Lórí Òkè Arímọ́

Nígbà tí Ọláńrewájú tún ké ní yàrá ẹ̀yìn, Ínsípẹ́kítọ̀ Àdìzát gbé ohùn fóònù rẹ̀ sókè. Kì í ṣe pé àánú ọmọ náà kò ṣe é. Etí kan náà kò lè gbọ́ igbe kí ó tún gbọ́ àròjinlẹ̀, ohun tó sì wà lójú fóònù náà ni gbogbo àdúgbò Joju ti ń wò láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Basit.

Fídíò náà kò gùn. Oòrùn ńlá kan, pupa bí epo, ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín àpáta méjì. Ìkùukùu ń sáré bí àgùntàn tí ajá lé. Ọ̀run pọ́n, ó ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀. Nínú ìmọ́lẹ̀ pupa tó ṣẹ́kù ni ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti hàn lórí ẹní ìkírun. Ó dìde, ó tẹ̀, ó forí kanlẹ̀, gbogbo rẹ̀ kíákíá bí ẹni tí iná ń jó lẹ́sẹ̀. Ó gbé kẹ́tù omi kan, ó gba ìhà etí àpáta lọ. Òkùnkùn gbé e mì. Orin ìjọ ń dún lábẹ́ rẹ̀, Seth sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Oòrùn ìkẹyìn Basit. Sùn un re o, arákùnrin mi.”

Fídíò asáré ni àwọn ọmọ náà ń pe irú rẹ̀. Kámẹ́rà á ya àwòrán kan, á sinmi, á tún ya òmíràn, títí ilẹ̀ á fi ṣú tàbí tí á fi mọ́. Bí wọ́n bá wá to gbogbo àwòrán náà pọ̀, odidi ìrọ̀lẹ́ á kọjá ní ìṣẹ́jú akàn. Basit ló ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà. Òun, Seth àti Ọláńrewájú jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ oníke kan ní Agbára, ọkọ̀ òṣìṣẹ́ kan náà ló ń gbé wọn lọ tó ń gbé wọn bọ̀. Bí ìsinmi bá ti dé, wọ́n á pọn báàgì sẹ́yìn bí ọmọ, wọ́n á wá òkè kan gùn, wọ́n á pàgọ́ sórí rẹ̀, wọ́n á máa ya oòrùn.

Lọ́tẹ̀ yìí, Òkè Arímọ́ lápá Òkè-Ògùn ni wọ́n gùn. Àwọn méjì ló fi ẹsẹ̀ ara wọn sọ̀ kalẹ̀. Ìsàlẹ̀ àpáta ni wọ́n ti ṣa Basit.

Ọ̀rọ̀ Seth dán mọ́rán. Ó ní òun tẹ kámẹ́rà ní ìrọ̀lẹ́ kí ó máa ya wíwọ̀ oòrùn, òun sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abúlé láti pọn omi kí òun sì fi bátìrì síná. Ìṣọ́ òru bá a ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà, olùṣọ́-àgùntàn àti ìjọ sì jẹ́rìí pé ó gbàdúrà pẹ̀lú wọn títí àkùkọ fi kọ. Ìgbà tí oòrùn ti ga ló tó bá àwọn ọkùnrin abúlé gòkè padà, tí wọ́n rí òkú. Kámẹ́rà ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, bátìrì ti kú, kò sẹ́ni tó wá pa á. Ìyẹn ni pé ìrọ̀lẹ́ ni Basit ti bọ́ sísàlẹ̀. Ta ló sì wà lórí òkè pẹ̀lú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́? Ọláńrewájú nìkan ṣoṣo.

Àwọn méjèèjì sì ti jà lójú ọ̀nà. Ọláńrewájú já dígí kámẹ́rà lulẹ̀, Basit pè é ní ẹlẹ́sẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ níṣojú àwọn ará abúlé. Àpá híha wà lọ́rùn Ọláńrewájú. Báàgì Basit wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní Joju. Kí lọdẹ tún ń wá ju ipasẹ̀ ẹran lọ?

Ọ̀gá téṣàn, Amos, yọrí sí ẹnu ọ̀nà. “Alhaja, ẹ tún ti ń wo sinimá.”

“Mò ń wò ó, ọ̀gá.”

“Ọmọ yẹn kò tíì fọwọ́ síwèé. Fàtáì ní ó ku díẹ̀. Tí àwọn èèyàn yín bá ti Jímọ̀ dé, mo fẹ́ ìwé ìjẹ́wọ́ rẹ̀ lórí tábìlì mi. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Abẹ́òkúta lónìí kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.”

“Tí kì í bá wá ṣe òun ló ṣe é ńkọ́?”

Amos rẹ́rìn-ín bí ẹni gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé. “Alhaja, kò sẹ́ni tí kò ṣe nǹkan kan rí. Ẹni bá ti wọ yàrá Fàtáì, ohun tó ṣe á wá sí i lọ́kàn.”

Sájẹ́ǹtì Fàtáì ń jẹ ẹ̀pà. Ó ti so ọwọ́ Ọláńrewájú sẹ́yìn mọ́ irin fèrèsé, ó sì ń ju èèpo ẹ̀pà sí i lára bí ẹni ń bọ́ adìyẹ.

“Tú u,” ni Àdìzát wí.

“Alhaja, a fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀.”

“Mo ní kí o tú u. Lọ jẹ ẹ̀pà rẹ níta.”

Fàtáì tú okùn. Ó rọra gbá ọmọ náà létí, bí ìgbà tí èèyàn ń kí ọ̀rẹ́ pé ó dìgbà. “Mò ń bọ̀ o, àna mi. Má sùn.”

Ọláńrewájú wó lulẹ̀ bí àpò gàrí. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti wú, awọ ara wọn ń dán. Àdìzát kò ràn án lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ tì í, ó tẹjú mọ́ ọrùn rẹ̀.

“Ta ló ha ọ́?”

“Ẹ̀gún ni ma. Báàgì wúwo lẹ́yìn mi, mo ṣubú sínú igbó ní ojú ọ̀nà òkè.”

“Èékánná èèyàn ni wọ́n kọ síwèé.”

“Ẹ̀gún ni.”

Àdìzát kò kìlọ̀ fún un. Ó fi èékánná ara rẹ̀ tẹ ibi tó wú jù lára àpá náà, ó tẹ̀ ẹ́ títí ọmọ náà fi han. Ọyún ṣẹ́ jáde, kinní dúdú kan sì bá a jáde, ó mú bí orí abẹ́rẹ́. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ wò. Kò sí ẹni tí ẹ̀gún ń hù ní èékánná rẹ̀.

“Báàgì Basit ńkọ́?”

“Seth ló ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀. Ó ní tí Ìyá Basit bá rí i lọ́dọ̀ òun, ẹkún á pa á.”

“O ò bi í pé kí ló dé tí tìrẹ ò fi ní pa á lẹ́kún?”

“Ọ̀rẹ́ mi ni ma.”

“Níbo lo wà nígbà tí Basit ń kírun nínú fídíò yẹn?”

“Inú àgọ́. Ibà ló mú mi, mo lo oògùn, mo sùn bí òkú. Mi ò mọ ìgbà tí ilẹ̀ ṣú, mi ò mọ ìgbà tó mọ́. Ooru oòrùn lórí àgọ́ ló jí mi.”

“Ohun tí gbogbo apànìyàn máa ń sọ nìyẹn.”

“Kí ni kí n wá sọ, ma?” Ó gbójú sókè. Ojú kan ti dí pátápátá. “Tí mo bá sọ pé èmi ni mo tì í, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n sùn?”

Àdìzát dìde. “Tí o bá sọ ọ́, wọ́n á jẹ́ kí o sùn lónìí. Lẹ́yìn náà wọ́n á yẹgi fún ọ. Má sọ ọ́ títí n ó fi padà dé.”

Lábẹ́ fèrèsé yàrá ẹ̀yìn, níta, ni Ìyá Basit jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì. Ojoojúmọ́ ló ń wá. Àwọn ọlọ́pàá ti gbé bẹ́ǹṣì lọ sábẹ́ òjìji fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé e padà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé lábẹ́ fèrèsé yẹn ni igbe Ọláńrewájú ti ń dún ketekete.

“Àdìzát, kí ló dé tó fi dákẹ́?”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Mo ní kí wọ́n sinmi díẹ̀ ni.”

“Ta ló sinmi fún ọmọ mi?” Ó tutọ́ sí ẹsẹ̀ ògiri. “Ilé mi ló ti jẹun. Ewédú kọ́ o, ẹran ni mo bù fún un! Lọ sọ fún Fàtáì kó padà síbẹ̀.”

Àdìzát jókòó tì í. Ọmọ Ọ̀tà ni àwọn méjèèjì, àdúgbò kan náà ni wọ́n ti dàgbà, Ìyá Basit sì ti pọ̀n ọ́n rí nígbà tó wà lọ́mọdé. Irú ìyá bẹ́ẹ̀, a kì í fi òfin dá a lóhùn.

Ìyá Basit yọ fóònù láti inú ìró. “Wò ó. Ohun kan ṣoṣo ló ń tù mí nínú. Ó kírun kó tó kú. Ọmọ mi kọjú sí gábàsì, ó forí kanlẹ̀, ó bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wo bí ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣe ń tàn sí i lójú.”

Àdìzát wò ó nítorí pé kò fẹ́ kó dà bíi pé òun kọ̀. Lẹ́yìn náà ló gba fóònù náà lọ́wọ́ ìyá, ó sì tún un wò.

Ìmọ́lẹ̀ ń tàn sí i lójú.

Bàbá Àdìzát, Bàdírù aránṣọ, ni ó kọ́ ọ ní ìrun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn, kò sì fi ìwé kọ́ ọ. Ó ní: oòrùn àárọ̀ níwájú rẹ, oòrùn ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn rẹ. Bí o bá ń kí àsùbáà, ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ wá pàdé rẹ. Bí o bá ń kí màgáríbì, ìmọ́lẹ̀ ń fi ẹ̀yìn rẹ sílẹ̀ lọ. Ọmọ Mùsùlùmí tó bá wà ní ilẹ̀ Yorùbá, tí kò tilẹ̀ mọ álífù, lẹ́tà kìn-ín-ní nínú kéú, mọ èyí. Gábàsì ni ìlà oòrùn.

Ọ̀run tó pọ́n yìí wà níwájú Basit. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ni lóòótọ́, a jẹ́ pé ọmọ náà kẹ́yìn sí gábàsì kírun. Bí kò bá sì kẹ́yìn sí gábàsì, ìrọ̀lẹ́ kọ́ ni.

Ó tún rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Òkè àjèjì ni, bóyá ọ̀nà dà rú mọ́ ọn lójú.

“Màmá, ṣé Basit máa ń ṣi gábàsì?”

Ìyá náà yíjú sí i bí ẹni tí wọ́n bú. “Basit? Òun ló máa ń bá mi tún ẹní mi tẹ́ o! Á ní, Ìyá mi, ẹ ti ya díẹ̀. Oòrùn kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ ni? Kó tó gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà kalẹ̀, ó ti mọ ihò tí oòrùn máa gbà yọ. Kí lo wá bi mí bẹ́ẹ̀ fún?”

Àdìzát ti dìde.

Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn, ó pe Ṣọládé, olórí ọdẹ abúlé ìsàlẹ̀ òkè náà, ọkùnrin tó bá wọn gbé òkú.

“Bàbá ọlọ́dẹ, àwọn àpáta méjì kan wà lókè yín, ọ̀kan ga, èkejì kúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.”

“Ìyá-Ọlọ́mọ là ń pè é. Kí ló ṣe é?”

“Láti ibi tí àwọn ọmọ yẹn pàgọ́ sí, ẹ̀gbẹ́ wo ló wà?”

“Ìlà oòrùn ni. Àárín rẹ̀ ni oòrùn máa ń gbà yọ sí wa.”

“Ṣé ẹnì kan rí oòrùn wọ̀ níbẹ̀ rí?”

Ṣọládé bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá, ṣé ẹ ti jẹun lónìí? Ẹni tó bá rí oòrùn wọ̀ ní Ìyá-Ọlọ́mọ, kó yáa lọ di ẹrù rẹ̀, ayé ti fẹ́ parẹ́ nìyẹn.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kan péré ló kù. Lẹ́yìn tí ìṣọ́ òru parí, ta ló fojú rí Seth?”

“Pásítọ̀ ní ó sùn sórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Pásítọ̀ rí i?”

“Ó ní òun rí báàgì rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Òun rò pé ó jáde lọ tọ̀ ni.”

Àdìzát gbé fóònù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe Seth. Ó fi ohùn tó rẹlẹ̀ bá a sọ̀rọ̀: wọ́n fẹ́ gbé Ọláńrewájú lọ sí Abẹ́òkúta, kí ó jọ̀ọ́ wá bá wọn fi ẹnu ara rẹ̀ fìdí fídíò náà múlẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ wú ọ̀gá lórí púpọ̀.

Kò pẹ́ tí Seth fi dé. Ó wọ ẹ̀wù funfun, ó ta lọ́fínńdà. Nígbà tó ń kọjá lára Ìyá Basit, ó kúnlẹ̀, ó gbàdúrà fún un, ìyá náà sì gbé ọwọ́ lé e lórí pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣe ìyá tiẹ̀.

Yàrá ẹ̀yìn nìkan ni kò sẹ́ni nínú rẹ̀; wọ́n ti gbé Ọláńrewájú kúrò. Èèpo ẹ̀pà ṣì wà nílẹ̀. Seth wo okùn tó rọ̀ mọ́ irin fèrèsé, ó yára gbójú kúrò.

“Ṣé ó ti fọwọ́ síwèé, Mọ́mì?”

“Kò ní pẹ́. Jókòó. Ìwọ lo ya fídíò yìí fúnra rẹ?”

“Èmi ni ma. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ kí n tó sọ̀ kalẹ̀.”

“Ó dára ju gbogbo èyí tí Basit ti ń yà lọ.”

Ojú Seth tàn bí ojú ọmọ tí wọ́n yìn níwájú kíláàsì. “Ẹ ṣeun ma. Àwọn èèyàn ò mọ̀. Wọ́n rò pé Basit nìkan ló mọ̀ ọ́n yà. Ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun ti rí i, wọ́n ní kí n wá bá àwọn ya òkè tí yìnyín wà lórí rẹ̀.”

“O kú oríire o. Fi ibi tí oòrùn wà hàn mí.”

“Òun nìyí ma. Ìwọ̀ oòrùn.”

“Basit ńkọ́?”

“Òun nìyí. Ó kọjú sí i.”

“Kí ló ń ṣe?”

“Ó ń kírun ìrọ̀lẹ́ wọn.”

“Ọdún mélòó lẹ fi jọ gbé yàrá kan?”

“Mẹ́rin, ma.”

“Tó bá ń kírun nínú yàrá yín, ibo ló máa ń kọjú sí?”

Seth yí orí ká bí ẹni ń wá ẹ̀fọn. “Ẹ̀gbẹ́… ẹ̀gbẹ́ wọ́dúróòbù.”

“Ibo ni wọ́dúróòbù yín kọjú sí?”

“Mi ò mọ̀ ma. Mẹ́kà ṣáà ni.”

“Mẹ́kà wà níbo, láti Joju?”

Seth nawọ́ síhìn-ín, ó tún nà á sọ́hùn-ún.

“Ọdún mẹ́rin,” ni Àdìzát wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, “ọdún mẹ́rin ni ọmọ èèyàn fi ń tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ, láràárọ̀, lálaalẹ́. Ò ń fo ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá lọ wẹ̀. O ò wo ibi tó ń kọjú sí rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìlà oòrùn ni, Seth. Kò sí Mùsùlùmí ilẹ̀ yìí tó ń kọjú sí oòrùn tó ń wọ̀.”

“Ó lè ṣìnà. Òkè àjèjì ni.”

“Ó lè ṣìnà. Kẹ́tù yìí ńkọ́? Nínú fídíò rẹ, ó kírun tán kó tó gbé kẹ́tù lọ. A máa ń ṣe àlùwàlá ká tó kírun. Ta ló ń wẹ ọwọ́ lẹ́yìn tó jẹun tán pé òun ń lọ jẹun? Àpáta wọ̀nyí sì ńkọ́? Àwọn ọdẹ ní ibẹ̀ ni oòrùn ti ń yọ sí wọn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. O dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ lo sọ di òpin. Yíyọ oòrùn lo mú, o yí i sẹ́yìn, o pè é ní wíwọ̀. Basit wà láàyè ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó jí, ó tẹ kámẹ́rà fúnra rẹ̀, ó lọ ṣe àlùwàlá, ó padà wá kírun. Báàgì rẹ nìkan ló sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Òógùn ti rin ẹ̀wù funfun náà mọ́ ọn lẹ́yìn.

“Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n pe pásítọ̀ wa.”

“Pè é. Kí ó tó dé, Fàtáì á ti jẹ ẹ̀pà rẹ̀ tán. Ìwọ náà ti ń wá síbí lójoojúmọ́ wá béèrè, o mọ ohùn tó ń tinú yàrá yìí jáde.”

Seth tún wo okùn. Lẹ́yìn tí ó wò ó, gbogbo dídán ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣí kúrò lára rẹ̀ bí ọ̀dà tó bọ́ lára ògiri.

“Abúlé ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti wọlé,” ni ó wí. “Àwọn òyìnbó yẹn ti dáhùn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Wọ́n ní Basit nìkan. Mo gbàdúrà lórí rẹ̀ títí àkùkọ fi kọ, ọkàn mi ò rọ̀. Èmi ni mo máa ń ru báàgì rẹ̀ yẹn, ma! Gbogbo òkè! Èmi ni mo ń rù ú, òun ló ń di ìlúmọ̀ọ́ká. Mo ní kí n lọ sọ fún un kó fi orúkọ mi sí i. Mo bá a lẹ́yìn ìrun. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, Seth, alábàárù kì í bá ọlọ́jà pín èrè.”

“O wá tì í.”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré.”

“Ó kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?”

Seth ń wo èèpo ẹ̀pà nílẹ̀. “Rárá.”

“Kí ló ṣe?”

“Ó ń pè mí. Ó ní, Seth, ẹsẹ̀ mi. Ó ní kí n ju okùn sílẹ̀. Okùn wà nínú báàgì.”

“O ò jù ú?”

“Kámẹ́rà ń yà, ma.” Ó gbójú sókè, ó wò ó bí ẹni tó gbà pé ọ̀rọ̀ òun á yé e. “Ẹ̀yìn kámẹ́rà la dúró sí nígbà tí mo tì í, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ ni èèyàn máa gbà dé ibi tí báàgì náà wà. Tí mo bá kọjá níbẹ̀, màá hàn nínú rẹ̀, yóò bàjẹ́. Oòrùn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni. Ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Mo ní kí ó jẹ́ kí oòrùn yọ tán ná. Nígbà tó yọ tán, kò pè mí mọ́.”

“Kí ló dé tí o ò pa fídíò náà rẹ́?”

“Irú àwòrán yẹn?” ni Seth wí. “Ẹ ò lè pa á rẹ́, ma.”

Níta, lábẹ́ fèrèsé, bẹ́ǹṣì dún kì. Àdìzát ti gbàgbé ẹni tó jókòó síbẹ̀. Kò sí igbe, kò sí èpè. Nígbà tó yọjú wò, ó rí Ìyá Basit nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ là, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ fá eruku jọ sára bí ẹni ń wá nǹkan tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ yẹn náà ni ó gbé lé Seth lórí.

Amos gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ń ta ìka lórí tábìlì. Ìwé kan wà níwájú rẹ̀.

“Alhaja, ẹ gbọ́n. Mo gbà fún yín. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọmọ kejì ti fọwọ́ sí tiẹ̀.”

“Láti ìgbà wo?”

“Nígbà tí ẹ ń bá àwọn ọdẹ ṣeré lórí fóònù. Èmi ni mo ní kí Fàtáì gbé e lọ sí sítọ́ọ̀. Mo sọ fún yín pé ó ku díẹ̀.” Ó gbé ìwé náà sókè. Níbi tí orúkọ yẹ kí ó wà, ìka kan ló tẹ̀ ẹ́, nítorí pé ọwọ́ náà kò lè di bírò mú mọ́. Amos ya á sí méjì, ó ya á sí mẹ́rin, bí ẹni ń ya bébà tí wọ́n fi di àkàrà. “Ó tán. Ẹ lọ tú u sílẹ̀. Kó máa lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀.”

Ọláńrewájú jókòó sórí àpò sìmẹ́ǹtì nínú sítọ́ọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán. Fàtáì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ sí ṣòkòtò.

“Ọláńrewájú,” ni Àdìzát pè é. “Seth ti jẹ́wọ́. Òun ló pa á. Dìde, kí o máa lọ ilé.”

“Èmi ni, ma.”

“Ìwọ kọ́. Seth ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.”

“Èmi ni mo tì í, ma.” Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, ó ń já geere bí ọmọ ilé-ìwé tó ń ka àkọ́sórí. “Ó pè mí ní ẹlẹ́sẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Inú bí mi. Mo tẹ̀lé e dé etí àpáta lẹ́yìn tó kírun. Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi tì í ní àyà. Ó fi èékánná ha mi lọ́rùn. Mo gbé báàgì rẹ̀ pamọ́.”

“Ẹ̀gún ló ha ọ́. Èmi fúnra mi ni mo yọ ọ́.”

“Èékánná ni, ma.”

Àdìzát kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ohun tí kò ṣe fún ẹni kankan rí nínú téṣàn náà. “Ọmọ mi, wò mí. Inú àgọ́ lo wà. O sùn. Ibà mú ọ. O ò mọ nǹkan kan.”

Ojú rẹ̀ kan tó ṣì là wò ó, kò sì sí ẹni tó ń gbé inú ojú náà mọ́. “Ẹ má dán mi wò, ma. Mi ò ní yí ọ̀rọ̀ mi padà.”

“Dìde, Ọláńrewájú. Ilẹ̀kùn ti ṣí.”

Kò mira. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pé Basit pe òun ní ẹlẹ́sẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀, pé inú bí òun. Àdìzát fi ọwọ́ kàn án léjìká, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò kúrò lórí àpò.

Fàtáì rẹ́rìn-ín ní ẹnu ọ̀nà, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ẹ̀rín ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ yọrí sí rere ni. “Alhaja, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ ni.”

Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

“Dìde,” ni Fàtáì wí.

Ọláńrewájú dìde.